Àwo Tí A Kò Fọwọ́ Kàn

Ohun àkọ́kọ́ tí àwọn ènìyàn ń bi mí láti ìgbà tí mo ti padà sí Ìkòsí ni pé ṣé yìnyín máa ń bọ́ lóòótọ́ bí a ti ń rí i nínú fíìmù. Ó ń bọ́. Ẹ jẹ́ kí a kúrò níbẹ̀. Èkejì ni pé kí ni mo lọ ṣe gan-an, nítorí Mummy ti sọ fún gbogbo ìjọ pé mo lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà egungun, èmi kì í sì í ṣe dókítà. Iṣẹ́ yàrá àyẹ̀wò ni mo ń ṣe, àwa tí a ń wo ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ yín láì rí ojú yín. Wọ́n fún mi ní àǹfààní oṣù mẹ́sàn-án ní ìlú Dundee, ní Scotland, kí n lọ ran àwọn tó ń ṣe ìwádìí lórí egungun lọ́wọ́, kí n sì kọ́ iṣẹ́ wọn. Ohun tí wọ́n ń wá ni bí egungun ṣe ń mọ̀ pé a gbé ẹrù lé òun.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì bi mí ni bí mo ṣe dá wà tó. Nítorí náà ni mo ṣe jókòó láti kọ èyí.

Kí n tó lọ

Aṣọ ni ìyá mi ń rán. Láti Ìjẹ̀bú-Igbó ni wọ́n ti wá sí Ìkòsí nígbà tí èmi kò tíì dáyé, wọ́n gba ilé kan tó ní ṣọ́ọ̀bù lójúde, wọ́n sì gbé máṣíìnì dúdú kan síbẹ̀, èyí tí a ń fi ẹsẹ̀ wà. Ìró máṣíìnì yẹn ni mo gbọ́ dàgbà. Bí Mummy bá ń bínú, láti ẹsẹ̀ wọn la ti máa ń mọ̀. Bí Aunty Bísí bá fẹ́ tọrọ nǹkan lọ́wọ́ wọn, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni yóò kọ́kọ́ dúró sí, yóò fetí sí bí máṣíìnì ṣe ń sáré. Ẹ̀gbọ́n mi ni Aunty Bísí. Ọdún méjì péré ló fi jù mí lọ, ṣùgbọ́n Mummy ní Aunty ni kí n máa pè é, mo sì ń pè é bẹ́ẹ̀ títí dòní, ó ń gbádùn rẹ̀.

Nígbà tí ìrìn-àjò mi ku díẹ̀, àwa méjèèjì pinnu pé Mummy ti ṣe wàhálà tó. A ra máṣíìnì oníná fún wọn àti jẹnẹrétọ̀ kékeré tí yóò máa gbé e. A ti máṣíìnì dúdú sí kọ̀rọ̀, a da aṣọ bò ó. A tún ní wọn kò gbọdọ̀ fa omi mọ́, wọn kò sì gbọdọ̀ gbé ohunkóhun tó wúwo ju báágì ọwọ́ wọn lọ.

“Mummy, ẹ ti ṣe tó,” ni mo wí. “Ẹ jókòó, kí a máa tọ́jú yín.”

“Ìjókòó náà kọ́ ni mò ń ṣe láti ọjọ́ yìí?” ni wọ́n dáhùn. “Ẹsẹ̀ mi nìkan ni kì í jókòó.”

A rẹ́rìn-ín. Ní pápákọ̀ òfurufú, wọ́n na ọwọ́ kí wọ́n gba báágì kan lọ́wọ́ mi. Mo yára fà á kúrò. Ojú ń wò wá, ta ni yóò jẹ́ kí ìyá tó bí i ru ẹrù òun ní gbangba? Wọ́n kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, wọ́n ń rìn tẹ̀lé mi bí àlejò.

Dídé

Ẹ̀bá odò ńlá ni Dundee wà, orí òkè ni wọ́n kọ́ ọ̀pọ̀ ilé rẹ̀ sí, atẹ́gùn ibẹ̀ sì ń wọ inú aṣọ ẹni bí ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́. Ìparí oṣù kẹsàn-án ni mo dé. Ẹni tó yẹ kó pàdé mi ti fi kọ́kọ́rọ́ ilé sínú àpòòwé, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà, ó kọ orúkọ mi sí i, ó ṣì í kọ. Mo ṣílẹ̀kùn fúnra mi, mo kí ara mi káàbọ̀. “Fúnkẹ́, ẹ kú àbọ̀ o,” ni mo wí sókè. Ẹ mọ bí a ṣe ń pàdé ènìyàn nílé wa. Ẹni tó lọ sí Ṣàgámù lásán, kí ó tó wọlé, wọ́n á ti dì mọ́ ọn, wọ́n á ti gba ẹrù lórí rẹ̀, wọ́n á ti bu omi fún un. Mo jẹ búrẹ́dì tí wọ́n fún mi nínú ọkọ̀ òfurufú, mo sùn.

Èmi kò ní purọ́ mọ́ àwọn ará ibẹ̀, ìwà wọn dára. Wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀ bí wọ́n bá ń sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, gbogbo wọn, lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ń di ilẹ̀kùn mú fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn, bó tilẹ̀ jìnnà tó bẹ́ẹ̀ tí onítọ̀hún ní láti sáré. Ṣùgbọ́n wọn kì í kan ara. Bí èjìká mi bá fẹ́ kan ti ẹnìkan nínú ọjà, àwa méjèèjì á tọrọ àforíjì, oníkálukú á sì fà sẹ́yìn. Ní Kétu, kí o tó sọdá títì, wọ́n á ti gbún ọ, ẹnìkan á ti fi apẹ̀rẹ̀ tòmátò gbá ọ lẹ́yìn, ẹlòmíràn á sì ti fà ọ́ lọ́wọ́ pé kí o wá wo bàtà. Mo máa ń ṣépè fún wọn tẹ́lẹ̀. Ní Dundee, àárò wọn sọ mí.

Mo rí ṣọ́ọ̀ṣì kan nítòsí ilé, àwọn àgbàlagbà díẹ̀ ló ń wá síbẹ̀. Ibì kan wà nínú ìsìn wọn tí wọ́n máa ń ní kí a bọ ara wa lọ́wọ́. Láti ọjọ́ Ajé ni mo ti máa ń retí ìbọ̀wọ́ yẹn, nítorí láti Sunday kan sí èkejì, kò sí ọwọ́ mìíràn tó ń kàn mí.

Oúnjẹ

Wọ́n ní ọkà kan tí wọ́n ń pè ní ọ́ọ̀tì, wọ́n ń sè é pẹ̀lú iyọ̀ láàárọ̀, ó rí bí ògì tí kò kan. Lọ́sàn-án, oníkálukú á mú búrẹ́dì tútù jáde, á jẹ ẹ́ nídìí tábìlì rẹ̀, á máa wo kọ̀ǹpútà. Ní ọjọ́ kìíní mo ṣí abọ́ ìrẹsì mi, mo sì ṣe bí a ti ń ṣe nílé. Mo ní, “Ẹ wá jẹun o.” Nílé, ẹni tí a pè á ní kí ó gba ibi ire, á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú wọn dìde, ó wá ṣíbí, ó fa àga tì mí, ó jẹ ìdajì ìrẹsì náà, ó ní ata rẹ̀ pọ̀. Inú mi dùn débi pé ebi kò pa mí títí di ìrọ̀lẹ́. Lọ́jọ́ kejì, mo se oúnjẹ ẹni méjì, ṣùgbọ́n ó ti mú búrẹ́dì tirẹ̀ wá, ó jókòó sí àyè rẹ̀.

Oúnjẹ wọn kan sì wà tí wọ́n ń tijú láti gbé fún mi, ẹ̀dọ̀ àti ọkàn àgùntàn tí wọ́n lọ̀ pọ̀ mọ́ ọ́ọ̀tì. Ata wà nínú rẹ̀! Mo jẹ abọ́ méjì, gbogbo wọn ń wo ẹnu mi.

Iṣẹ́ náà

Ọ̀gá wa jẹ́ ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ní irun funfun. Ó ní Alan ni kí n máa pe òun. Mo gbìyànjú rẹ̀, ẹnu mi kọ̀. Ọkùnrin tó tó bàbá mi! A wá bá a parí sí Ọ̀gá Alan, ó gbà bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ náà bí mo ti ṣàlàyé rẹ̀ fún Mummy lórí fóònù. A máa ń rò pé egungun dà bí òpó sìmẹ́ǹtì, pé tí wọ́n bá ti dà á, tó ti gan, ó parí. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ló rí. Alààyè ni egungun. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà nínú rẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí, wọ́n há sínú ihò kéékèèké tí omi díẹ̀ wà, wọ́n sì na ọwọ́ tín-ín-rín sí ara wọn. Bí o bá dìde, tí o rìn, tí o gbé garawa omi, egungun rẹ á tẹ̀, ó kéré débi pé ìwọ fúnra rẹ kò lè mọ̀. Omi inú ihò yẹn á sún. Àwọn sẹ́ẹ̀lì náà á mọ̀ ọ́n lára, wọ́n á ránṣẹ́ sí àwọn tó ń kọ́ egungun pé kí wọ́n wá fi kún un, ẹrù ti dé. Ṣùgbọ́n bí ohunkóhun kò bá tẹ̀ wọ́n, tí omi náà dúró jẹ́ẹ́, àwọn tó ń tú egungun ni wọ́n máa ń ránṣẹ́ sí pé kí wọ́n wá kó o lọ, ẹnikẹ́ni kò lò ó mọ́.

“Ta ló ń sọ fún wọn?” ni Mummy bi mí.

“Ẹrù náà ni, Mummy.”

“Hùn,” ni wọ́n wí. Wọ́n sì bi mí bóyá mo ti jẹun.

Inú àwo kéékèèké ni a ń gbin àwọn sẹ́ẹ̀lì náà sí, rọ́bà ni ìsàlẹ̀ wọn. Ẹ̀rọ kan á máa fa rọ́bà náà, á máa dá a padà, á fà á, á dá a padà, bí ẹsẹ̀ ẹni tó ń rìn. A ń fi àwọ̀ kan sí i tó ń tàn nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá mọ̀ pé wọ́n fa òun. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni àwo kejì máa ń wà. Oúnjẹ kan náà ni wọ́n ń jẹ, inú ooru kan náà ni wọ́n wà, ṣùgbọ́n a kò ní fọwọ́ kàn án rárá, kí a lè fi í mọ ìyàtọ̀. Àwo tí a kò fọwọ́ kàn yìí ni wọ́n fi sábẹ́ ìtọ́jú mi. Bí mo bá dé láàárọ̀ tí kò tíì sí ẹnikẹ́ni, màá yọjú sí wọn, màá ní, “Ẹ kú ìsinmi o.” Àwọn nìkan ni mo ń bá sọ Yorùbá lójúkojú.

Mummy Òkè

Ilé alájà mẹ́rin tí kò ní ẹ̀rọ agbéniròkè, àfi àtẹ̀gùn nìkan, ni mò ń gbé, ìsàlẹ̀ ni mo wà. Ìyá arúgbó kan wà ní òkè pátápátá, wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Mi ò lè máa dá orúkọ wọn pè, nítorí náà Mummy Òkè ni mò ń pè wọ́n nínú ọkàn mi.

Ní oṣù kọkànlá, mo bá wọn lórí àtẹ̀gùn. Wọ́n gbé báágì ọjà méjì, wọ́n ń mí hẹlẹ-hẹlẹ. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ọmọ tí a tọ́ yóò ṣe. Mi ò bèèrè ohunkóhun. Mo gba báágì méjèèjì lọ́wọ́ wọn, mo ní kí wọ́n má ṣèyọnu, mo sì kọrí sókè. Mo rò pé àdúrà ni wọn yóò máa gbà fún mi bọ̀ lẹ́yìn.

“Dá a padà!” Igbe ni wọ́n fi ta. “Ta ló rán ọ? Ṣé mo ti kú ni?”

Mo dá a padà. Mo fẹ́ kúnlẹ̀, àtẹ̀gùn kò gbà mí. Wọ́n gba báágì wọn, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ padà sí orí àtẹ̀gùn tí mo ti já a gbà lọ́wọ́ wọn, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ojú tì mí gan-an. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá gbọ́ ẹsẹ̀ wọn níta, màá dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn títí wọ́n á fi kọjá. Ènìyàn kan tí mo mọ̀ nínú ilé yẹn, mo tún ń sá fún un.

Ìpè láti Ìkòsí

Èmi ló máa ń pe ilé. Gbogbo Saturday ni mo ń ra káàdì, màá ha nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀, màá pè. Lọ́jọ́ kan nínú oṣù kìíní, Aunty Bísí fúnra rẹ̀ ló pè mí, mo sì ti mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀ kí ó tó lanu.

“Fúnkẹ́, má jáyà o. Mummy ṣubú. Ẹsẹ̀ ló yọ̀ wọ́n lórí sìmẹ́ǹtì nídìí kàǹga, egungun itan wọn kán. Wọ́n ti ṣe ọpẹrésọ̀n fún wọn, wọ́n ti fi irin sí i.”

“Ṣé wọ́n ń sọ̀rọ̀?”

“Wọ́n ń sọ̀rọ̀, wọ́n tiẹ̀ ń bínú sí mi. Gbọ́ ná. Dókítà ní kí wọ́n ti máa dìde o! Pé kí wọ́n di irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin kan mú, kí wọ́n máa tẹ ẹsẹ̀ náà mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀. A gbé wọn dìde lẹ́ẹ̀kan, wọ́n pariwo. Ọkàn mi ò gbà á. Ìwọ tó o wà níbi tí wọ́n ti ń kàwé egungun, kí lo rí sí i?”

Ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an, ọwọ́ mi yìí ni mo fi so àwo mọ́ ẹ̀rọ, tí mo wo bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń tàn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ti ní ìyá mi pariwo, gbogbo ohun tí mo mọ̀ fò lọ. Mo jìnnà, n kò sì lè ru ohunkóhun kúrò lórí wọn àfi èyí.

“Ẹ má jẹ́ kí wọ́n dìde o, Aunty,” ni mo wí. “Ẹ jẹ́ kí wọ́n sinmi dáadáa. Gbogbo nǹkan ni kí ẹ máa ṣe fún wọn.”

Aunty Bísí mí kanlẹ̀. “Ohun tí èmi náà ń sọ nìyẹn.”

Aunty Bísí sì ṣe é. Ó ń wẹ̀ fún Mummy, ó ń bu oúnjẹ sí wọn lẹ́nu, ó ń fi ìrọ̀rí ti ẹsẹ̀ wọn. Àwọn ìyá ìjọ ń wá kí wọn, wọ́n ń yìn ín, wọ́n ń ṣàdúrà pé kí àwọn ọmọ òun náà tọ́jú rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí mo bá pè, yóò ròyìn gbogbo rẹ̀ fún mi, inú mi á dùn, màá sọ fún ara mi pé iṣẹ́ tèmi náà wà níbẹ̀. Àmọ́ ohùn Mummy ń kéré sí i láti Saturday dé Saturday. Wọn kì í bi mí mọ́ bóyá mo ti jẹun. Ní oṣù kẹta, Aunty Bísí gbé fóònù lọ sí ẹ̀yìnkùlé kí wọ́n má baà gbọ́.

“Fúnkẹ́, ẹsẹ̀ yẹn ti tín-ín-rín. Wọn ò lè gbé e mọ́. Wọ́n sọ fún Ìyá Ìjọ lánàá pé àwọn ò ní dìde mọ́, pé kí n kó àwọn aṣọ oníbàárà padà fún wọn.”

Orí àtẹ̀gùn

Mi ò lè wọlé. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo sunkún bí ọmọdé. Ibẹ̀ ni Mummy Òkè bá mi, báágì wọn lọ́wọ́. Wọn kò wí pé kí n má sunkún. Wọ́n fi báágì sílẹ̀, wọ́n di irin àtẹ̀gùn mú, wọ́n rọra jókòó tì mí, aṣọ wọn kan aṣọ mi. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn.

“Ọjọ́ kelòó ni wọ́n gbé e dìde?” ni wọ́n bèèrè.

“Dìde bí? Wọ́n ń sinmi ni.”

Wọ́n wò mí títí. “Itan tèmi náà kán, ní ìgbà òtútù èṣí. Ọjọ́ kejì ni àwọn nọ́ọ̀sì méjì fà mí dìde. Mo bú wọn, mo bú ìyá wọn. Wọ́n ní kí n máa bú wọn lọ, kí n ṣáà máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Èébú yẹn náà ni mò ń bú títí dòní bí mo bá ń gun àtẹ̀gùn yìí, ìwọ náà sì wá já báágì mi gbà.” Wọ́n fa báágì náà mọ́ra. “Ta ló ní kí wọ́n máa fi ìyá rẹ sórí bẹ́ẹ̀dì?”

“Èmi ni,” ni mo dáhùn.

Wọ́n gbé ọwọ́ lé mi léjìká, wọ́n sì fi mí ti ara wọn dìde. Wọ́n wúwo ju bí mo ti rò lọ.

Ẹ̀bẹ̀

Mo pe Aunty Bísí padà lọ́jọ́ yẹn. Mo ní mo ti ṣì í sọ, pé kí wọ́n gbé Mummy padà lọ bá dókítà kí ó wo irin náà, kí ó sì sọ bí wọ́n ṣe lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tó.

“Kí n gbé Mummy dìde kí wọ́n máa pariwo?” Ohùn Aunty Bísí ga. “Ojoojúmọ́ ni èrò ń wá síbí. Ká ní wọ́n bá wọn lórí ìdúró, tí wọ́n ń sunkún, tí èmi ọmọ wọn dúró tí mò ń wò wọ́n ńkọ́? Kí ni wọ́n á ní mo jẹ́? Fúnkẹ́, o ti di òyìnbó o.”

“Aunty, ẹ jọ̀ọ́.”

“Ta ló kọ́kọ́ ní kí wọ́n má dìde? Ṣé kì í ṣe ìwọ?”

“Èmi ni, Aunty. Èmi ni mo ṣẹ̀ wọ́n. Ẹ gbé fóònù fún wọn.”

Ó pẹ́ kí ó tó gbé e fún wọn. Mo gbọ́ èémí Mummy, mo sì mọ̀ pé bí mo bá ní kí wọ́n dìde, àṣẹ ni yóò jẹ́, n kò sì lè pàṣẹ fún ìyá mi. Bí mo bá ní kí wọ́n sinmi, mo ti pa wọ́n. Ohun tí mo wá sọ, n kò rò ó tẹ́lẹ̀.

“Mummy, mo fẹ́ rán aṣọ.”

“Aṣọ kẹ̀?”

“Èyí tí màá fi ṣe ìdúpẹ́ bí mo bá dé. Ẹ̀yin ni kí ẹ rán an. Máṣíìnì dúdú ni mo fẹ́, mi ò fẹ́ ti oníná yẹn.”

Wọ́n dákẹ́ títí tí mo fi rò pé káàdì ti tán. Láti oṣù kìíní, kò sí ẹnikẹ́ni tó tọrọ ohunkóhun lọ́wọ́ wọn. Mo gbọ́ Aunty Bísí lẹ́yìn tó ń wí pé, “Ẹ ẹ̀ rí i? Ó fẹ́ pa yín ni.”

“Ṣé ìwọ̀n ara rẹ ṣì ni ti tẹ́lẹ̀?” ni Mummy bèèrè.

“Mo ti rù, Mummy.”

“Hùn,” ni wọ́n wí. Káàdì sì tán.

Ìdákẹ́jẹ́ẹ́

Lẹ́yìn ìyẹn, ilé kò gbé ìpè mi mọ́. Ọwọ́ Aunty Bísí ni fóònù wà, ó sì ń bínú. Lẹ́ẹ̀kan, ó gbé e, ó ní, “Wọ́n wà,” ó pa á. Ọ̀rọ̀ méjì yẹn ni mo jẹ, ni mo mu, láti oṣù kẹrin dé oṣù karùn-ún. Mi ò tíì dá wà tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Ilẹ̀ wọn kì í tètè ṣú ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọjọ́ á kàn máa fà lọ ṣáá, ènìyàn á wà ní ojú fèrèsé, kò ní mọ ohun tí yóò fi ọwọ́ ṣe.

Ìgbà tí iṣẹ́ kan parí, Ọ̀gá Alan ní kí n kó àwọn àwo dànù. Mo di èyí tí a kò fọwọ́ kàn mú, n kò lè dà á nù.

“Ọ̀gá Alan, bí a bá so ó mọ́ ẹ̀rọ báyìí, tó ti pẹ́ tó báyìí, ṣé wọn yóò ṣì mọ̀ ọ́n lára?”

Ó tún awò ojú rẹ̀ ṣe. “Ìbéèrè tí a bi wọ́n kọ́ nìyẹn. Bi wọ́n.”

Mo so ó mọ́ ọn. Ẹ̀rọ fà á, ó dá a padà. Mo tẹjú mọ́ ọn títí ojú fi ń ta mí. Òkùnkùn ni mo ń rí. Ìgbà tó yá, ọ̀kan tàn ní ẹ̀gbẹ́ kan, òmíràn tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo wọn. Ọ̀gá Alan ní àwo kan ṣoṣo kò fi ẹ̀rí ohunkóhun hàn, òótọ́ ló sì sọ. Ṣùgbọ́n mo ti gbá a mọ́ra kí n tó rántí ibi tí mo wà. Ó dúró gbagidi bí igi. Lẹ́yìn náà ó gbé ọwọ́ kan, ó rọra lù mí lẹ́yìn lẹ́ẹ̀méjì.

Nílé

Mummy Òkè sọ̀ kalẹ̀ wá dágbére fún mi ní oṣù kẹfà. Wọ́n gbé àpótí mi kan láti ẹnu ọ̀nà dé ibi ọkọ̀, mo sì fi ọwọ́ mi sílẹ̀.

Kò sí ẹni tó pàdé mi ní pápákọ̀ òfurufú. Nígbà tí ọkọ̀ kọjá Ọjọ́ta tó sì yà wọ ìhà ọ̀dọ̀ wa, mo sọ fún awakọ̀ kí ó pa rédíò. Bí a ti dé ojúlé wa, mo fetí sílẹ̀. Mi ò gbọ́ ìró máṣíìnì. Àwọn aládùúgbò ti ń jáde, wọ́n ń pè mí. Aunty Bísí yọ sí ẹnu ọ̀nà. Ó rù, ojú rẹ̀ pọ́n. Kò kí mi. Ó kàn yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó nàka sínú ṣọ́ọ̀bù.

Mummy jókòó nídìí máṣíìnì dúdú, ẹsẹ̀ wọn méjèèjì wà lórí irin ìsàlẹ̀ rẹ̀. Wọ́n ti dá ẹsẹ̀ dúró kí wọ́n lè gbọ́ ìró ọkọ̀. Aṣọ kan tó ku apá kan wà lábẹ́ abẹ́rẹ́. Wọ́n fa ọ̀pá kan mọ́ra, wọ́n di etí máṣíìnì mú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dìde. Ìdìde náà pẹ́. Wọ́n ń bú ẹnìkan lábẹ́nu, n kò gbọ́ ẹni tí ó jẹ́. Mo ti sáré síwájú kí n gbé wọn, ṣùgbọ́n Aunty Bísí fà mí lápá.

“Fi wọ́n sílẹ̀,” ló wí. Omijé kún ojú rẹ̀. “Láti ìgbà tó o ti ní kí wọ́n rán aṣọ ni wọ́n ti ní kí n gbé àwọn padà lọ bá dókítà. Ojoojúmọ́ ni mo ń wò ó báyìí, ojoojúmọ́. Ìwọ náà dúró, kó o wò ó.”

Mo dúró. Mummy wá bá mi, ẹsẹ̀ kan ń tẹ̀lé ìkejì pẹ̀lú ìnira. Wọ́n fọwọ́ pa mí lójú, wọ́n tẹ èjìká mi, wọ́n tẹ apá mi, bí ẹni tó ń wo aṣọ lọ́jà.

“O rù lóòótọ́,” ni wọ́n wí. “Ṣé o ti jẹun?”

Wọ́n na ọwọ́ tó ṣófo sí báágì tí mo gbé. Gbogbo àdúgbò ló dúró síta, ojú wọn ń bẹ lára wa, mo sì gbọ́ tí ẹnìkan pòṣé. Mo gbé báágì náà lé ìyá mi lọ́wọ́.

Wọ́n yí padà, wọ́n gbé e wọlé. Mo kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, mo ń rìn tẹ̀lé wọn bí àlejò.